Mo fẹ́ mú màmá mi lọ gbọ́ fáólíìnì ní Royal Albert Hall, kí ni kí n sọ fún wọn ká tó lọ?

Àbíkẹ́ Peckham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ìbéèrè kan wà lọ́kàn mi, mo sì mọ̀ pé àwọn tó mọ̀ nípa orin wà láàárín wa níbí.

Màmá mi ti wà lọ́dọ̀ mi ní Peckham láti ìparí oṣù kẹfà. Ẹni ọdún 77 ni wọ́n. Ọmọ Abẹ́òkúta ni wọ́n, adìrẹ ni wọ́n tà ní Ìtòkú fún ohun tó lé ní 40 ọdún, owó adìrẹ yẹn náà ló sì gbé mi dé ibi tí mo dé lónìí. Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dé, ibi mẹ́ta péré ni wọ́n mọ̀ ní London: yàrá ìdáná mi, ṣọ́ọ̀ṣì wa, àti Rye Lane níbi tí a ti ń ra iṣu. Ó ń dùn mí. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń padà sílé, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ pé iye tí wọ́n ń ta iṣu ní London nìkan ni wọ́n máa ròyìn fún àwọn ẹgbẹ́ wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì méjì torí pé ìrìn àjò bọ́ sí i lọ́jọ́ yẹn. Royal Albert Hall ni, lára àwọn eré orin ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n ń pè ní Proms. Obìnrin olófáólíìnì kan tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé ló máa ta kọ̀ńṣẹ́tò fáólíìnì tí Beethoven, ará Jámánì tó ń kọ orin láyé àtijọ́, kọ: òun á máa ta síwájú, ọkẹ́sítírà, ìyẹn ẹgbẹ́ ńlá àwọn olófáólíìnì, onífèrè àti onílù, á máa gbè é. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń gbé ìlú yìí, bọ́ọ̀sì ti gbé mi kọjá níwájú gbọ̀ngàn rìbìtì yẹn láìmọye ìgbà, mi ò fẹsẹ̀ kan inú rẹ̀ rí.

Nígbà tí mo sọ fún màmá, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ta ló máa kọrin?" Mo ní kò sẹ́ni tó máa kọrin, fáólíìnì ni wọ́n máa ta. Wọ́n ní, "Ta ló wá máa sọ ohun tí orin náà ń wí?" Mi ò rí èsì fọ̀. Mo wá a lórí fóònù, mo tan án nígbà tí a jọ ń ṣa ẹ̀fọ́. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Wọ́n ní, "Ó dùn o, Àbíkẹ́. Àmọ́ mi ò mọ ibi tó ń lọ." Ká sòótọ́, èmi náà ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè múra wọn sílẹ̀? Ẹ mọ bí a ṣe ń gbọ́ orin nílé. Tó bá wọ màmá lára, wọ́n á dìde, wọ́n á ké sí olórin lórúkọ, wọ́n á náwó fún un. Wọ́n sọ fún mi pé níbẹ̀ èèyàn ò gbọdọ̀ pàtẹ́wọ́ títí á fi parí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo màmá mi lójú tí kò yẹ. Orúnkún wọn náà wà ńbẹ̀. Wọ́n ní ọ̀pá, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ mú un jáde, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí wọ́n máa wo àwọn bí aláìsàn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Ẹ̀gbá Catford

Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ọdọọdún ni mo ń lọ síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀nà kí àwọn tó mọ orin tó dé.

Ẹ kọ́kọ́ wo ara tíkẹ́ẹ̀tì yẹn. Tí wọ́n bá kọ Arena tàbí Gallery síbẹ̀, orí ìdúró ni yín. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọdún 1895 tí Proms ti bẹ̀rẹ̀, kí tálákà náà lè rówó wọlé. Tó bá jẹ́ Stalls tàbí Circle, àga wà. Ẹ pe gbọ̀ngàn náà ṣáájú, ẹ sọ fún wọn pé àgbà tó ń fi ọ̀pá rìn ń bọ̀, wọ́n á tọ́ka ibi tí ẹ̀rọ agbéniròkè wà fún yín.

Bọ́ọ̀sì 345 máa gbé yín láti Peckham dé South Kensington láìpààrọ̀, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ ẹ ṣì máa fẹsẹ̀ rin Exhibition Road lọ sókè, ó sì jìnnà fún orúnkún. Ẹ wọ takisí ní apá yẹn. Ẹ dé níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú 45 ṣáájú, torí ẹni tó bá pẹ́, ìta ló máa dúró sí títí wọ́n á fi dánu dúró. Ẹ mú súwẹ́tà dání fún wọn. Tí wọ́n bá ń húkọ́, ẹ tú ìwé ara súìtì kúrò nílé, ariwo ìwé yẹn máa ń ta sí gbogbo ènìyàn létí.

Ti aṣọ, kò sí òfin. Mo ti rí ẹni tó wọ kóòtù, mo ti rí ẹni tó wọ ṣòkòtò péńpé. Tí màmá bá wọ ìró àti bùbá adìrẹ wọn, kò sẹ́ni tó máa múra jù wọ́n lọ níbẹ̀.

Ará Oníkàn

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin méjèèjì. Èkó ni èmi wà. Fáólíìnì ni iṣẹ́ mi. Mo ń kọ́ àwọn ọmọdé lọ́sàn-án, tó bá sì di àkókò eré, mo máa ń jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn fáólíìnì àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bá wọn ṣe kọ̀ńṣẹ́tò tí ẹ ń lọ gbọ́ yìí. Mi ò ta tẹni iwájú rí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn máa ń gbọ́ ohun tí ẹni iwájú ò ráyè gbọ́.

Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ má tíì ṣàlàyé Beethoven fún màmá. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ sọ: "Màmá, ìlù ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

Òótọ́ ni. Kí fáólíìnì tó dún, kí fèrè tó dún, onílù tó wà lẹ́yìn pátápátá, nídìí àwọn ìlù ńlá oníkòkò bàbà tí wọ́n ń pè ní tìmpánì, á lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́rin, jẹ́jẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan: gbù, gbù, gbù, gbù. Ìkarùn-ún ni àwọn fèrè fi ń wọlé. Ó jẹ́jẹ́ débi pé lórí fóònù, nínú yàrá ìdáná, tí omi ń ṣàn, ẹ lè má gbọ́ ọ rárá. Ó jọ pé ìdí nìyẹn tí màmá fi ní àwọn ò mọ ibi tó ń lọ. Wọn ò gbọ́ ibi tó ti gbéra.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi ṣe mọ̀ ọ́n. Nígbà àkọ́kọ́ tí a fẹ́ ṣe é, gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ni a ti ń dánra wò, páànù ni òrùlé rẹ̀. Oṣù kẹfà ni. Bí adarí orin ṣe gbé ọwọ́ sókè báyìí, òjò dé. Ó gbọ́wọ́ lulẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan, mo kàn rí ọrùn ọwọ́ onílù tó ń lọ sókè sódò. Àwọn fèrè wọlé níbi tó wù wọ́n. A bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bàjẹ́. Adarí wá ní kí gbogbo wa gbé ohun èlò wa sílẹ̀, kí a máa wo ọwọ́ onílù, kí a sì máa fi ìka lu itan wa pẹ̀lú rẹ̀. Gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀, àgbà, ọmọdé, a ń lu itan lábẹ́ òjò, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ká dúró, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ká dúró. Nígbà tí òjò fi máa dá, kò sẹ́ni tí kò ní ìlù yẹn nínú ara mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé onílù ni gbogbo wa nínú iṣẹ́ yìí. Kò pẹ́ rárá lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀, àwa fáólíìnì àkọ́kọ́ á gba ẹ̀ẹ̀mẹ́rin yẹn lẹ́nu ìlù, orí ohùn kan tí ẹnikẹ́ni ò retí la ó ti gbé e. Lẹ́yìn náà ó di ti gbogbo ilé: fèrè á sọ ọ́, ìwo á sọ ọ́, fáólíìnì ńlá tí wọ́n ń gbé ka ilẹ̀ ta á sọ ọ́. Kí màmá máa wá a kiri bí ẹni tó ń wá ọmọ rẹ̀ láàárín èrò. Wọ́n á rí i.

Ohun mìíràn tó yẹ kí wọ́n mọ̀ ni pé olófáólíìnì náà á jáde síta, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un, yóò wá dúró, kò ní ta nǹkan kan. Ó ń lọ bí ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀, ọkẹ́sítírà nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Kí màmá má rò pé ó ti gbàgbé. Ó ń dúró kí wọ́n tẹ́ ilé kó tó wọlé ni. Tó bá wá wọlé, kò ní pariwo, á gun òkè láti ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn, òun nìkan.

Ẹ tún sọ̀rọ̀ gòjé fún wọn. Ọmọ Abẹ́òkúta tó ti pé ọdún 77 á ti gbọ́ sákárà Yusuf Ọlátúnjí títí yó fi wọ̀ ọ́ léegun. Gòjé wà níbẹ̀, tó ń tẹ̀lé ohùn bàbá yẹn lẹ́sẹ̀lẹ́sẹ̀. Irun ìrù ẹṣin ni okùn gòjé, irun ìrù ẹṣin náà ni ọrun tí wọ́n fi ń wọ́ ọ. Fáólíìnì obìnrin tí ẹ ń lọ wò yìí, irun ìrù ẹṣin ló wà lára ọrun tirẹ̀ náà títí di òní, oje igi tó ti gan ni ó sì ń fi ra á kó lè di okùn mú. Okùn ló yàtọ̀. Láyé Beethoven, ìfun àgùntàn ni wọ́n fi ń ṣe é. Torí náà kì í ṣe ohun àjèjì ni màmá ń lọ bá.

Ìtàn rẹ̀ náà dùn, torí pé London wà nínú rẹ̀. Ìlú Vienna ni wọ́n ti kọ́kọ́ ta á, 23 oṣù Kejìlá ọdún 1806. Franz Clement ló ta á. Ẹni ọdún 36 ni Beethoven nígbà yẹn, etí rẹ̀ sì ti ń di. Iṣẹ́ náà ò fi bẹ́ẹ̀ wọ àwọn èèyàn lára, wọ́n pa á tì, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó ta á. Ó di 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1844, ní London níbẹ̀, kí ọmọkùnrin ẹni ọdún 12 kan, Joseph Joachim, tó ta á láìwo ìwé, Mendelssohn, tí òun náà ń kọ orin, ló darí ọkẹ́sítírà. Láti ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ náà ti níyì. Ọmọ ọdún 12! Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tí mo ń kọ́, pàápàá àwọn tó ń sọ pé àwọn ṣì kéré.

Ti àtẹ́wọ́: ìpín mẹ́ta ló ní. Ti àkọ́kọ́ gùn, ó tó ìṣẹ́jú 25. Tó bá parí, wọ́n á dánu dúró, ibẹ̀ ló ti máa ń ṣe ènìyàn bíi kó pàtẹ́wọ́. Àwọn kan á pa á, àwọn kan ò ní pa á. Ìpín kejì àti ìkẹta so mọ́ra wọn, kò sí àlàfo. Tí ìkẹta bá ń parí, fáólíìnì á rọlẹ̀, ọkẹ́sítírà á wá gbá ilẹ̀kùn náà tì pẹ̀lú ohùn ńlá méjì. Kí màmá dìde nígbà yẹn, kí wọ́n ṣe bó ṣe wù wọ́n.

Olùkọ́ Ìbàdàn

Ará Oníkàn, ẹ ṣeun gan-an, ọ̀rọ̀ òjò àti páànù yẹn wọ̀ mí lára. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Tí ẹ bá sọ fún àgbàlagbà pé ìlù ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ohun tí wọ́n máa ṣe ni kí wọ́n máa wá gbólóhùn. Ìyáàlù wa ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín èdè ló ń tẹ̀lé. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, oríkì baba rẹ̀ ló gbọ́. Tìmpánì ti Beethoven kò sọ gbólóhùn kankan. Ohùn kan náà ló lù lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Ìbéèrè màmá, "Ta ló wá máa sọ ohun tí orin náà ń wí?", ìbéèrè ńlá ni. Ó yẹ kí ẹ dá wọn lóhùn bó ṣe rí: kò wí nǹkan kan tí ẹnu lè túmọ̀. Àǹtí Àbíkẹ́, nígbà tí màmá ń di adìrẹ, ṣé wọn kì í kùn? Orin láìsí ọ̀rọ̀, tó ń lọ tó ń bọ̀ lábẹ́ èémí, tí wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ń ṣe é? Ẹ sọ fún wọn pé ó jọ ìyẹn, àmọ́ ẹni tó ń kùn náà mọ̀ ọ́n kùn dé góńgó. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ níbẹ̀, á rẹ̀ ẹ́.

Ará Oníkàn

Olùkọ́, ẹ jàre mi. Mo gbà. Mi ò ní lò ó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ sì ti rán mi létí ohun kan. Ìpín kejì, kíkùn gan-an ni. Wọ́n á fi nǹkan kékeré kan há okùn fáólíìnì ọkẹ́sítírà lẹ́nu kí ohùn wọn lè rọ̀, wọ́n á máa tún orin kúkúrú kan náà ta, léraléra, olófáólíìnì iwájú á máa ṣe ọnà yí i ká. Ẹni tó bá ti fi ìyẹ́ adìyẹ ya adìrẹ ẹlẹ́kọ rí mọ ohun tí mo ń sọ: àwòrán kan náà nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ni kò jọra. Màmá máa mọ ibẹ̀ ju èmi lọ.

Adúkẹ́ Houston

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ò mọ orin, ọ̀rọ̀ ọ̀pá màmá ni mo bá wá.

Àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ṣe mí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjì ní Òṣogbo. Ọ̀pá méjì ni mo fi ń rìn láti ìgbà náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ìpàdé bá wà, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dé kí n lè ti jókòó kí àwọn ènìyàn tó wọlé, kí wọ́n má baà rí bí mo ṣe ń rìn. Lọ́jọ́ kan lórí tẹlifíṣọ̀n mo rí Itzhak Perlman, olófáólíìnì. Tel Aviv ni wọ́n bí i sí ní 1945, àrùn kan náà ṣe é nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ó fi ọ̀pá méjì rìn jáde síwájú gbogbo èrò, kò kánjú. Ẹlòmíràn ló bá a gbé fáólíìnì rẹ̀ dání. Ó jókòó, ó to ọ̀pá sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó wá nawọ́ gba fáólíìnì. Orí ìjókòó ló ti ta á, nígbà tí àwọn yòókù ń dúró ta tiwọn. Kò sẹ́ni tó tún rántí ọ̀pá.

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń dé sí ìpàdé nígbà tó bá wù mí. Ẹ bá mi wá fídíò rẹ̀, ẹ fi han màmá. Kí wọ́n mú ọ̀pá wọn dání.

Àbíkẹ́ Peckham

Adúkẹ́, mo fi han wọ́n lálẹ́ àná. Wọn ò sọ nǹkan kan. Láàárọ̀ yìí mo bá ọ̀pá náà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n ti nù ún.

Gbogbo yín, ẹ ṣeun. Àga ni tíkẹ́ẹ̀tì wa, mo ti wò ó. Ìbéèrè méjì ló kù. Nínú ètò tí wọ́n gbé síta, wọ́n kọ ọ́ pé kadẹ́ńsà ti Kreisler ni. Kí ni ìyẹn? Ti màmá ni èkejì. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ gòjé, ojú wọn là, wọ́n ní okùn kan ṣoṣo ni gòjé ní, wọ́n sì fẹ́ mọ ohun tí obìnrin náà máa ṣe bí okùn tirẹ̀ bá já níwájú èrò.

Ará Oníkàn

Kadẹ́ńsà ni ibi tí ọkẹ́sítírà ti máa ń dákẹ́ pátá, tí olófáólíìnì á máa dá ta, bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta, mẹ́rin, ní apá ìparí ìpín àkọ́kọ́. Beethoven kò kọ ọ̀kan sílẹ̀ fún fáólíìnì, ó fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá ń ta á. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló kọ tiwọn. Joachim kọ tirẹ̀, ti Fritz Kreisler, tí òun náà jẹ́ olófáólíìnì, ló sì wọ́pọ̀ jù báyìí. Ẹ gbọ́ ibì kan nínú rẹ̀ tí fáólíìnì kan ṣoṣo ti ń ta orin méjì pọ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹ̀yin á rò pé ẹni méjì ni.

Àmọ́ nígbà tí Beethoven fúnra rẹ̀ sọ iṣẹ́ yìí di ti dùùrù, ó kọ kadẹ́ńsà sí i, ó sì pe onílù tìmpánì pé kó wá bá a dá sí i. Àwọn olófáólíìnì kan, bíi Wolfgang Schneiderhan, ti gbé ìyẹn padà wá sórí fáólíìnì. Ó wù mí kí n rí i lójúkojú kí n tó kú.

Tí kadẹ́ńsà bá parí, ẹ má ṣe mí kanlẹ̀ o. Kò ní sí ariwo. Fáólíìnì á sọ̀kalẹ̀ sórí àwọn okùn rẹ̀ tó nípọn jù, á gbé orin kejì, èyí tó rọrùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, jẹ́jẹ́, àwa tó wà lẹ́yìn á sì máa fi ìka ta okùn wa sí i lábẹ́. Mi ò lè ṣàlàyé ohun tó ń ṣe mí níbẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kejì tí a ṣe é, ìka mi ń gbọ̀n.

Ti okùn: ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 1986, ní Tanglewood, ní Massachusetts, ọmọbìnrin ará Japan kan, Midori, ẹni ọdún 14, ń ta iṣẹ́ Leonard Bernstein, Bernstein fúnra rẹ̀ ló ń darí. Okùn rẹ̀ tó tín-ín-rín jù já. Ó yíjú sí olórí àwọn fáólíìnì, ó gba tirẹ̀, ó ń bá a lọ. Okùn ìyẹn náà tún já. Ó gba ti ẹnìkan mìíràn, ó sì parí iṣẹ́ náà. Fáólíìnì tirẹ̀ kéré sí ti àgbà, nítorí náà ìwọ̀n ibi tí ìka rẹ̀ ń bọ́ sí yí padà lẹ́ẹ̀mejì lórí ìdúró. Bernstein gbá a mọ́ra nígbà tó parí. Ẹ sọ fún màmá pé bí okùn obìnrin yẹn bá já, ilé kún fún fáólíìnì lẹ́yìn rẹ̀.

Àbíkẹ́ Peckham

A ti lọ, a ti bọ̀. Aago kan òru ti kọjá, mi ò lè sùn, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ kó tó tutù.

Màmá wọ adìrẹ ẹlẹ́kọ aláró dúdú tí wọ́n fi ṣe ọjọ́ ìbí 70 wọn. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ wọn. A jókòó tán, wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí àwọn nǹkan roboto tó so rọ̀ láti òrùlé, wọ́n ní, "Olú rèé." Ìyá arúgbó òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbọ́ pé à ń bi ara wa, ó sọ fún wa pé olú náà ni àwọn ń pè é, ọdún 1969 ni wọ́n so ó kọ́ kí ohùn má baà máa ta padà. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún màmá. Wọ́n ní, "Ẹ kú ọjọ́ orí," lédè Yorùbá, ìyá náà sì tẹrí ba.

Olófáólíìnì jáde. Ó dúró. Gbogbo ilé dákẹ́ débi tí mo ń gbọ́ èémí màmá. Lẹ́yìn náà, gbù, gbù, gbù, gbù. Màmá di ọrùn ọwọ́ mi mú. Wọn ò fi í sílẹ̀ fún gbogbo ìpín àkọ́kọ́. Ibikíbi tí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin yẹn bá ti yọ, wọ́n á tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ará Oníkàn, àwọn ibì kan wà tí èmi ò gbọ́ nǹkan kan, tí ìka wọn tẹ̀ mí, ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ ọ.

Nígbà tí ìpín náà parí, àwọn kan pàtẹ́wọ́ lókè lọ́hùn-ún, màmá náà pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó wò wá. Nínú ìpín kejì mo rí i pé ẹnu wọn ń mì díẹ̀. Wọ́n ń kùn. Kò dún síta rárá. Mi ò dá wọn lẹ́kun.

Ní ìparí wọ́n fi ọ̀pá dìde, wọ́n ní, "Ọwọ́ rẹ ò ní gbẹ o, ìyá!" Ohùn wọn lọ jìnnà. Àtẹ́wọ́ bò ó, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹni tó bá sún mọ́ wa gbọ́ ọ.

Ìbéèrè kan ni wọ́n ní kí n bi yín, kí n tó gbàgbé. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n rí onílù náà tó tẹ orí ba, tó gbé ẹnu sún mọ́ ojú ìlù, ó ń ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ní kí ló ń sọ fún ìlù? Wọ́n sì ní ṣé awọ ni, ẹran wo?

Ará Oníkàn

Màmá ní ojú! Kì í ṣe ẹnu ló gbé sún mọ́ ọn, etí ni. Á fi ìka tàbí ọ̀pá ìlù kàn án jẹ́jẹ́, á gbọ́ bóyá ohùn rẹ̀ ti pé, á fi ẹsẹ̀ tẹ ohun tó ń fa ojú ìlù, á tún gbọ́ ọ. Ìlù méjì ni Beethoven ní kó lò nínú iṣẹ́ yìí, ohùn kọ̀ọ̀kan ló ní, tí ọ̀kan bá sì yẹ̀ díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn á bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ta nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí kò fi yé tẹ etí sí i.

Awọ ọmọ màlúù ni tẹ́lẹ̀. Lóde òní, ike ló pọ̀ jù, torí pé awọ máa ń rọ̀ tí òjò bá ń bọ̀. Àwọn kan ṣì ń lo awọ. Onílù tiwa ní Èkó níbí, ike ni tirẹ̀, ó sì máa ń sọ fún mi pé awọ ló wu òun.